Fọwọ́ Kan Irin Ná

Àárẹ̀ tó mú Rúùtù kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń sùn kó lọ. Ó ti kọjá ti oorun. Ó ti wọ ẹran ara, ó ti wọ eegun, ó ti di alábàágbé tó ń bá a jẹun. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń gbé Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í sùn, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sùn, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Bí orin bá dákẹ́ ní yàrá òsì, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ ní yàrá ọ̀tún. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á ti dúró sí Ọjà Igbó, á máa wá mọ́tò Ọ̀yọ́, àpò láptọ́ọ̀pù léjìká, abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, bí ọmọ iléèwé tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dì fún.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dán rédà wò. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù. Rédà kò yàtọ̀ sí ẹni tó dúró sórí òkè, tó pariwo, tó wá dákẹ́ kó lè gbọ́ gbohùngbohùn. Bí gbohùngbohùn bá tètè padà, ohun tó wà níwájú kò jìnnà. Bí ó bá pẹ́, ó jìnnà nìyẹn. Ibi tí ẹ̀rọ náà ti yàtọ̀ sí ènìyàn ni pé etí kan kò lè gbọ́ ariwo rẹ̀, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Tẹ́lẹ̀, tẹ̀rín-tẹ̀rín ni Rúùtù fi máa ń sọ ti pé kì í rẹ̀ ẹ́ yẹn. Lọ́dún yìí, kò fi rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Adébóyè ló ni ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà kéré sí i lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́. Àwọn aláṣẹ ti ní àwọn óò ra rédà kan àti jámà kan lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó lẹ́yìn ìlú Ọ̀yọ́, nítorí àwọn ajínigbé tí kò jẹ́ kí àgbẹ̀ fi ọkàn balẹ̀ lọ sóko. Rédà á máa ṣọ́ pápá, á sì máa sọ ibi tí àjèjì wà. Jámà á máa fi ariwo bo ariwo, tí fóònù àwọn oníṣẹ́ ibi kò fi ní í lọ, tí kò sì ní í bọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan jámà yìí wò lórí òkè tí wọ́n gbé ẹ̀rọ méjèèjì sí, gbogbo fóònù ìsàlẹ̀ ló kú fin-ín. Wòlíì kan tó ń fi fóònù gbàdúrà fún ọmọ ìjọ rẹ̀ gòkè wá, ó ní ta ló gba àdúrà mọ́ òun lẹ́nu. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni Rúùtù fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bẹ wòlíì, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé jámà yege.

Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ lásán ni, bóyá àárẹ̀ náà ì bá fúyẹ́. Àmọ́ Àjàní, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ tí rédà yìí máa darí. Ibi tí ẹ̀rọ bá ní àwọn ènìyàn búburú wà ni Àjàní máa kọrí sí, òun àti ìbọn ṣakabùlà rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wá ṣì í sọ, ẹran ara Àjàní ló máa jìyà rẹ̀. Rúùtù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti dùbúlẹ̀ ní Under G, ohun tó máa ń rò nìyẹn, kì í ṣe ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni kì í jẹ́ kó sùn.

Bí a ti ń dán rédà wò rèé. A ó gbé irin onígun mẹ́ta kan, tí wọ́n fi páànù nínípọn ṣe bí abọ́ tó la ẹnu, a ó rì í mọ́lẹ̀ síbi kan nínú pápá. A ó wọn ibẹ̀ dáadáa, tí a ó fi mọ bí ó ti jìnnà sí òkè tó. Irin yìí máa ń dá ohùn rédà padà kedere. A ó wá bi ẹ̀rọ pé, báwo ni irin ti jìnnà tó? Bí ohun tó sọ bá bá ohun tí a wọ̀n mu, ó dára. Bí kò bá bá a mu, kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, a ó dìde, a ó lọ bá irin níbi tó wà. Ọ̀gá tó kọ́ Rúùtù níṣẹ́ ló fi lé e lọ́wọ́: fọwọ́ kan irin ná. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni Rúùtù sì ń tẹ̀ mọ́ Gàfárù létí láti ọdún yìí wá. Gàfárù ni igbá-kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin oníyàwó méjì tó jẹ́ pé sùúrù tó fi ń gbé ilé náà ló fi ń bá ẹ̀rọ lò.

Oko Bàbá Ògúndìran, bàbá Rúùtù, ni wọ́n rí tó gbà wọ́n láàyè láti ri irin. Irin méjì ni. Gàfárù ló lọ rì wọ́n, kì í ṣe Rúùtù. Ó ti pẹ́ tí Rúùtù ti dé oko yẹn gbẹ̀yìn. Ẹlẹ́sìn Ògún ni bàbá rẹ̀, ọdẹ tó ti fi ìgbẹ́ dídẹ sílẹ̀, tó wá gbájú mọ́ iṣu àti ẹ̀gẹ́. Inú oko náà ni ojúbọ Ògún ìdílé wọn wà. Ìgbà tí Rúùtù ṣì wà ní ọ̀dọ́ ni àìsàn kan dá a dùbúlẹ̀, tí wọ́n gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì tó fi dìde. Láti ìgbà tó ti wọ aṣọ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ ojúbọ mọ́. Òun àti bàbá rẹ̀ kò jà. Wọ́n kàn ń yà fún ara wọn bí ẹni méjì tó pàdé lójú ọ̀nà tóóró. Nílé, ní ìgboro Ọ̀yọ́, ni ó ti máa ń kí i, kì í sì í pẹ́ tí á fi ní mọ́tò ń lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n ri irin méjèèjì tí àwọn tó ń kó irin àlòkù fi wú ọ̀kan lọ. Rúùtù pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣọ́ èyí tó kù. Tí wọ́n bá tún jí i, iṣẹ́ wa bàjẹ́ nìyẹn.”

“Àkànkẹ́,” ni bàbá dá a lóhùn, oríkì rẹ̀ ni bàbá máa ń pè é, kò pè é ní Rúùtù rí. “Fi í sílẹ̀ fún mi. Kò sí ìyá ẹni tó máa jí i.”

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò gbẹ̀yìn, ojú wọn rí màbo. Òjò rọ̀ títí ìdí òkè fi di ẹrẹ̀. Nígbà tí òjò dá, jẹnẹrétọ̀ tu èéfín dúdú, ó kú. Wọ́n tún un ṣe tán, rédà ní òun rí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tó ń rìn nínú pápá. Àjàní àti àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sáré débẹ̀ tìbọn-tìbọn, wọ́n bá lékèélékèé tó ń tẹ̀lé màlúù. Àjàní fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Rúùtù náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀, kò wá.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ tán, rédà wá gbá ọ̀rọ̀ kan mú, kò jù ú sílẹ̀ mọ́. Ó ní irin tó wà lóko Ògúndìran fi igba mítà sún mọ́ òkè ju ibi tí wọ́n ní àwọn rì í sí. Ó sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣì bákan náà nígbà gbogbo kò ṣàjèjì sí wọn. Bí aago tó ń sáré ni; aago náà kò bàjẹ́, ẹ óò kàn yí ọwọ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn ni. Adébóyè sì ti ń kánjú. Àwọn àlejò láti Ìbàdàn, àwọn aláṣẹ tó fẹ́ ra ẹ̀rọ, ti dá ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá wo ẹ̀rọ.

“Màdáámú,” ló wí, ó ń nu ọrùn, “ṣé ohun tí kò ṣeé tún ṣe ni?”

“Ó ṣeé tún ṣe, Ọ̀gá.”

Gàfárù gbórí sókè. “Mà, ẹ jẹ́ n gun ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ irin yẹn. Ẹ̀yin náà lẹ ní ká fọwọ́ kan irin ná.”

Rúùtù wo ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ ni. Ó wo ojú ọ̀run, ó tún ti ń ṣú. Bí Gàfárù bá lọ tó bọ̀, mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ á ti tán ní gáréèjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú nínú bàtà. Ó ní, “Gàfárù, sinmi. Bàbá mi ló ń ṣọ́ ọ. Jẹ́ n pè wọ́n.”

Ó pè wọ́n.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Irin wa yẹn ńkọ́? Ṣé wọn ò tíì jí i?”

“Ta ló láyà láti jí i? Ó ń bẹ níhìn-ín. Mò ń tọ́jú ẹ̀ bí ojú. Ìgbà wo lo ń bọ̀ wá wò ó fúnra ẹ, Àkànkẹ́?”

“Láìpẹ́, Bàbá. Iṣẹ́ ni ò jẹ́.”

“Iṣẹ́ ò ní tán láyé. Ṣáà máa jẹun.”

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Irin kan ṣoṣo ló kù nínú pápá láti jẹ́rìí, Rúùtù kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó dájọ́. Ó jókòó ti láptọ́ọ̀pù, ó sọ fún rédà pé ohunkóhun tó bá rí, kó máa fi igba mítà lé e. Ẹ̀rọ kì í jiyàn. Kíá, irin bọ́ sí ibi tí wọ́n fẹ́ kó wà lójú kọ̀ǹpútà, Adébóyè pàtẹ́wọ́, Rúùtù sì fọwọ́ sí i pé ẹ̀rọ pé. Nínú mọ́tò, Rúùtù sùn láti Ọ̀yọ́ títí kan Ọjà Igbó, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ló jí i.

Adébóyè ní kó lọ fi ìyókù ọ̀sẹ̀ náà sinmi, pé Gàfárù á dúró ti ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí àlejò bá dé. Ọjọ́ náà dé, Rúùtù wà lórí ibùsùn ní Under G, ó ń wo àjà. Àyè oorun wà, oorun ni kò sí. Ohun tó ń pa dà wá sí i létí ni ohùn bàbá rẹ̀: ìgbà wo lo ń bọ̀ wá wò ó? Kì í ṣe irin ni bàbá ń sọ, ó mọ̀, kò sí ẹni tó ní kó wá wo irin nítorí irin nìkan. Ó dìde. Ó ra búrẹ́dì àti sàdínì tí bàbá fẹ́ràn, ó wọ mọ́tò. Nígbà tó dé ilé ní Ọ̀yọ́, aládùúgbò ní bàbá ti lọ sóko. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Bí mo bá padà báyìí, ló wí nínú ara rẹ̀, mi ò ní í wá mọ́. Ó pe ọlọ́kadà.

Inú Bàbá Ògúndìran dùn débi pé kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ ṣe. Ó fún ọlọ́kadà ní àga, ó ní kó dúró jẹ iṣu sísun kó tó máa lọ. Ó gba búrẹ́dì, ó súre fún ọmọ rẹ̀, ó ní ó rù. Ó wá ní, “Wá, jẹ́ ká lọ wo irin ẹ.”

“Mo lè wò ó láti ibí, Bàbá.” Gàfárù ti ṣe àlàyé fún un: lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ẹ̀mí ńlá, igi òrí, tó dá dúró láàárín pápá. Rúùtù wo igi ẹ̀mí. Kò sí nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àfi koríko.

“Bàbá! Irin ò sí níbẹ̀!”

“Kí ló máa wá níbẹ̀? Mo ti gbé e kúrò.”

Bàbá gba iwájú, ó ń rìn lọ sí apá tó kọjú sí òkè. Ibi tó mú ọmọ rẹ̀ lọ ni ìdí pèrègún, ibi tí ẹsẹ̀ Rúùtù kò tíì tẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́. Irin náà nìyẹn láàárín àwọn irin àtijọ́, láàárín ọkọ́ tó ti jẹ tán àti ẹnu ìbọn tó ti dípẹtà, ó la ẹnu rẹ̀ sí òkè bí Gàfárù ti rì í. Bàbá ti ta epo sí i lórí. Ó ti so màrìwò mọ́ ọn. Awẹ́ obì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀.

“O ní kí wọ́n má jí i,” ni bàbá wí, ojú rẹ̀ ń dán. “Mo wá ro ó pé, ibo ló láàbò tó ọ̀dọ̀ Ògún? Irin tó bá dá dúró nínú pápá, irin ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni. Àmọ́ irin tó bá ti wà ní ìdí pèrègún, olè wo ló máa nawọ́ sí i? Kó wá! Mo sì rí i pé òkè yẹn ló kọjú sí níbẹ̀, mo jẹ́ kó kọjú síbẹ̀ náà. Mo ń bá ọ bọ ọ́, kí ojú má baà tì ọ́ lẹ́nu iṣẹ́.”

“Ìgbà wo lẹ gbé e, Bàbá?”

“Ọjọ́ tó o pè mí pé kí n bá ọ ṣọ́ ọ náà ni. Mi ò jẹ́ kó sùn nínú pápá.”

Rúùtù wo ìdí pèrègún, ó wo igi ẹ̀mí, ó tún wo òkè. Ojú ìlà kan náà ni gbogbo wọn wà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwọn ilẹ̀ kò nílò okùn láti mọ igba mítà bí ó bá rí i. Òtítọ́ ni ẹ̀rọ ń sọ láàárọ̀. Òtítọ́ ló ń sọ lọ́sàn-án. Òun ló fi ọwọ́ ara òun sọ ọ́ di òpùrọ́, tó sì fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ yẹn wá, ohun gbogbo tí rédà bá rí ló ń fi igba mítà tì sẹ́yìn. Ẹni tí ẹ̀rọ bá ní ó ṣì jìnnà díẹ̀ níwájú, onítọ̀hún ti wà nítòsí.

“Àjàní dà?” Ó ti ń wá fóònù nínú àpò.

“Ó yà síbí láàárọ̀ yìí, òun àtàwọn ẹ̀ṣọ́. Wọ́n ní àwọn àjèjì kan ń dáná nínú pápá lódìkejì odò, pé ẹ̀rọ yín ló máa mú àwọn dé ọ̀dọ̀ wọn. Inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní, ‘Bàbá, ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.’”

Rúùtù fa fóònù yọ. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó gbé e sókè, ó rìn síwájú, ó rìn sẹ́yìn, kò sí. Wọ́n ti tan jámà lórí òkè nítorí àlejò. Jámà tí òun fúnra rẹ̀ dán wò, tó sì yege. Ó sáré, obìnrin tí kò sáré láti ọdún mélòó kan, ó já iṣu gbà lọ́wọ́ ọlọ́kadà. “Ẹ gbé mi dé òkè! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ẹrẹ̀!” Bàbá ń pè é lẹ́yìn, ó ń bi í léèrè ohun tó ṣe, Rúùtù kò lè wẹ̀yìn.

Ọlọ́kadà náà ṣe é bí ọkùnrin. Wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dìde. Lórí òkè, àwọn àlejò jókòó sábẹ́ kánópì, wọ́n ń mu omi tútù, wọ́n ń wo àmì kékeré kékeré tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà. Adébóyè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ọkọ ìyàwó. Gàfárù di wokitókì mú, Àjàní ń ka ibi tí wọ́n dé fún un láti ojú ẹ̀rọ tó ń wọn ilẹ̀, òun sì ń fi wé ibi tí rédà ní àwọn àjèjì wà, ó ń sọ pé, “Ẹ máa bọ̀, Ẹ̀gbọ́n Àjàní, ó ṣì kù níwájú dáadáa.”

“Gàfárù, dá wọn dúró!” Ẹrẹ̀ ti bo Rúùtù dé orí. “Wọ́n ti gbé irin kúrò níbẹ̀ kí a tó fi dán ẹ̀rọ wò. Ẹ̀rọ ò ṣì nígbà yẹn. Ìsinsìnyí ló ń ṣì!”

Adébóyè sáré wá pàdé rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí àlejò, ó sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. “Màdáámú, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́ tí wọ́n bá lọ.”

Gàfárù wo ọ̀gá rẹ̀ ọkùnrin, ó wo ọ̀gá rẹ̀ obìnrin. Ó na wokitókì sí Rúùtù.

“Àjàní! Èmi ni, Rúùtù. Ẹ dúró. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ mìíràn. Ẹ dùbúlẹ̀, wọn ò jìnnà sí yín mọ́, iwájú yín gan-an ni wọ́n wà!”

Wokitókì ń ṣe ṣàà. Nígbà tí ohùn Àjàní wá jáde, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni.

“Àǹtí, ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń gbọ́ òórùn ẹja yíyan. Mo kàn ní, ẹ̀rọ yín ní ó ṣì kù.”

Lẹ́yìn náà ni ìbọn dún. Wọ́n gbọ́ ọ nínú wokitókì, wọ́n sì tún gbọ́ ọ láti inú pápá. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò fi omi sílẹ̀, ó dìde. Rúùtù kò dìde, kò jókòó, ó kàn wà níbẹ̀. Ìbọn tún dún, ó dún, ó wá dákẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú wokitókì kì í ṣe Àjàní.

Kò kú. Ẹ má jẹ́ kí n dá ẹ̀mí yín dúró. Àwọn ajínigbé ti sá lọ, wọ́n fi ẹja wọn sílẹ̀ lórí iná. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní nígbà tí ọta ìbọn fi máa dé, gbogbo àwọn ló ti wà nílẹ̀, orí koríko ló gbà kọjá. Àjàní nìkan ni kò tíì dùbúlẹ̀ tán, nítorí òun ló di wokitókì mú, tó ń fetí sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọta wọ̀ ọ́ ní apá, ó fọ́ egungun. Ní ọsibítù l’Ọ́yọ̀ọ́, dókítà ní apá náà á jinná, ṣùgbọ́n kò ní í gbé ìbọn mọ́.

Adébóyè wá sí ọsibítù. Ó jókòó ti Rúùtù lórí bẹ́ǹṣì, kò sí ẹ̀rín músẹ́ lójú rẹ̀ mọ́, ó dà bí ẹni tí òun náà kò sùn láti ọdún yìí. Ó ní àwọn àlejò ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ni kí òun wí?

“Ẹ ní èmi ni,” ni Rúùtù wí. “Ẹ ní mi ò dé ọ̀dọ̀ irin.”

“Èmi ni mo ń kán yín lójú.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Àmọ́ èmi ni mo mọ iṣẹ́ náà.”

Adébóyè dìde. Ó lọ san owó oògùn.

Bàbá Ògúndìran wá nírọ̀lẹ́. Ẹnì kan ti sọ fún un lọ́nà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Rúùtù máa rí i pé bàbá òun ti darúgbó. Ó dúró ní ìdí ibùsùn Àjàní tó ń sùn, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

“Wọ́n ní irin tí mo gbé ló fà á.”

“Wọn ò mọ̀ ọ́n sọ, Bàbá. Mo ní kẹ́ ẹ ṣọ́ ọ, ẹ ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá wò ó. Èmi ni mi ò wá.”

Bàbá yí fìlà náà po lọ́wọ́. Ó wá sọ ohun kan tí Rúùtù mọ̀ pé kò rọrùn lẹ́nu rẹ̀, nítorí ohun tí a bá ti fún Ògún, a kì í gbà á padà. “Ṣé kí n wú u níbẹ̀? Kí n dá a padà sí ìdí ẹ̀mí?”

“Rárá, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Èmi ni n ó wá bá a.”

Nígbà tí Àjàní jí, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti fi ara ti ògiri. Ó ní, “Àǹtí, ẹ lọ sùn, ẹ̀yin lẹ dà bí aláìsàn.” Ibẹ̀ ni Rúùtù ti sunkún, ó sun ún dáadáa, kò fi aṣọ bo ojú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ sóko. Àárẹ̀ náà ṣì wà lára rẹ̀, kò sí irọ́ nínú ìyẹn. Ó bá a wọ mọ́tò ní Ọjà Igbó, ó bá a gun ọ̀kadà. Gàfárù wà lórí òkè pẹ̀lú ẹ̀rọ, jámà wà ní pípa, fóònù ń lọ. Rúùtù bọ́ bàtà, ó rìn dé ìdí pèrègún pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn ilẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

“Mà, ṣé ẹ ti débẹ̀?” ni Gàfárù bèèrè.

“Mo ti débẹ̀.”

“Ṣé ẹ ń rí irin náà dáadáa?”

Oòrùn ti mú irin náà móoru. Epo tí bàbá ta sí i ti yọ́, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ láti àtẹ́lẹwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Kò nù ún.

“Ọwọ́ mi wà lára ẹ̀, Gàfárù,” ló wí. “Yọ igba mítà yẹn kúrò, kó o wá máa kọ ohun tí mo bá pè.”

Ó pe gbogbo rẹ̀ fún un, ó tún un pè, títí ohun tí ẹ̀rọ rí fi bá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀ mu. Nígbà tó pa fóònù, bàbá ti gbé àpótí wá láti inú abà, ó gbé e sábẹ́ ibòòji.

“Ó rẹ̀ ọ́, Àkànkẹ́.”

Fún ọdún mélòó kan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ló sì fi máa ń dáhùn, iṣẹ́ àti mọ́tò tó ń lọ.

“Ó rẹ̀ mí, Bàbá,” ló wí, ó sì jókòó.